Ta Ni Yóò Dúró Ti Màámi?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ọjọ́ Ìdílé ẹgbẹ́ wa, lórí ìsinmi fún àwọn ọmọdé tí ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé

Àwọn olórí ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ bí ìjọ ṣe lè ran àwọn ọmọ tí ẹrù ilé wúwo lé lórí lọ́wọ́ láti rí ìsinmi. Kí n tó sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan tí a ṣe tí kò dára. Èmi ni mo darí rẹ̀, nítorí náà ọrùn mi ni ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọ tí mo ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ ní Ìbàdàn kó owó jọ láti mú àwọn ọmọdé mẹ́rìnlélógún lọ sí Ìkògòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì fún ọjọ́ mẹ́rin nígbà họ́lídè. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń pàdé ara wọn. A yan ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méjìlá, mọ́ wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ fún ọdún méjì, bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ọmọ náà nìkan ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A ní, "Ọmọ yìí ti jìyà tó, ẹ jẹ́ kí ó lọ gba atẹ́gùn díẹ̀." A san owó rẹ̀, a ra bàtà tuntun fún un, a bẹ aládùúgbò kan pé kí ó máa gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀. Inú wa dùn sí ara wa.

Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí tí ń bójú tó àwọn ọmọbìnrin pè mí. Ó ní gbogbo ọmọ ń ṣeré nínú omi, ọmọbìnrin yìí nìkan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò bọ́ bàtà. Ó ti tọrọ fóònù lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta láti fi pe ilé. Ní òru, kò sùn. Nígbà tí Àǹtí béèrè ohun tí ó ń rò, ó ní, "Àǹtí, ta ni yóò yí Màámi sí ẹ̀gbẹ́ kejì?"

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó mọ̀ pé ẹnì kan ní láti máa yí ìyá náà padà. Ọmọ náà mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ni ó kọ́ ọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, pé aláìsàn tí kò lè yíra padà, wákàtí méjì méjì ni kí a máa yí i, kí egbò má bàa dá sí i lára. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà náà. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán nílé ìwé, yóò sáré wálé, yóò yí ìyá rẹ̀, yóò sì sáré padà. Ní òru, ó máa ń jí.

Mo gbé mọ́tò, mo lọ mú un wálé. Nígbà tí a dé, aládùúgbò náà ti gbé oúnjẹ wá lóòótọ́, kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí a bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí ọmọ náà fi ìyá rẹ̀ lé ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ, ẹ̀gbẹ́ náà ni ó ṣì wà, nínú ìtọ̀, awọ ìbàdí rẹ̀ sì ti là. Ọmọ náà kò sọkún. Ó bọ́ bàtà tuntun náà sí ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó gbé omi kaná. Oṣù mẹ́ta ni egbò yẹn gbà kí ó tó jinná.

Mo ti wàásù lórí àánú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ pé àánú tí kò béèrè ọ̀rọ̀ lè di egbò sí ara ẹni tí a ṣe é fún. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: bí a bá fẹ́ mú ọmọ tí ń tọ́jú aláìsàn lọ sinmi, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ni ìdajì kékeré. Ìdajì ńlá ni ẹni tí yóò dúró sí ipò rẹ̀ nílé.

TA NI ỌMỌ TÍ À Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀?

Kì í ṣe ọmọ asáko, kì í sì í ṣe ọmọ tí òbí rẹ̀ ń fìyà jẹ. Ọmọ tí ó wà nílé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ara ẹnì kan nínú ilé náà kò yá, kò sì sí àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ láti tọ́jú ẹni náà. Ó lè jẹ́ ìyá tí rọpárọsẹ̀ mú, tàbí bàbá tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ọmọ ń fi ọ̀pá fà kiri. Ó lè jẹ́ àbúrò tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jí ní òru láti fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ní oríkèé. Ó lè jẹ́ òbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀, tí ọmọ ní láti máa ṣọ́ kí ó má bàa ṣí ìlẹ̀kùn jáde lọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pọn omi, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń wẹ àgbàlagbà, wọ́n ń ka oògùn. Òmíràn nínú wọn mọ iye oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó kù nínú páálí ju bí ó ṣe mọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lọ.

Kí ni àwa máa ń ṣe bí a bá rí wọn? A máa ń yìn wọ́n. A ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Olúwa yóò san án fún un." Ìyìn náà dára, ṣùgbọ́n bí a bá ti yìn wọ́n tán, a máa ń kọjá lọ ni.

Àwọn bàbá wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. A máa ń fi òwe yìí rán àwọn ọmọ létí ojúṣe wọn sí òbí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún un gbọ́. Ọmọ òkété tí ó ti ní ọmú ni òwe náà ń sọ. Ọmọ tí ó ti dàgbà ni, tí òun náà ti bímọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì ní ọmú. Bí a bá gbé ìyá rẹ̀ lé e láyà, ẹ̀jẹ̀ ni ìyá náà yóò fà.

Àwọn ilé wọ̀nyí kì í pariwo. Ìtìjú wà níbẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ àìsàn ọpọlọ. Ìbẹ̀rù sì wà. Àwọn ará wa kan tí ń gbé ní London ti sọ fún mi pé ẹ̀rù sóṣíà ni kì í jẹ́ kí àwọn lanu. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ ni ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, wọn yóò wá gba ọmọ náà lọ. Nítorí náà, wọ́n á kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwé. Ọmọ náà á wá máa ru ẹrù méjì, ẹrù àìsàn àti ẹrù àṣírí.

ILÉ ÀLÙFÁÀ NI IṢẸ́ YÌÍ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹnì kan lè ní, "Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ họ́lídè yìí, nǹkan Òyìnbó ni. Kí ló kan ìjọ?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ní ọdún 1876, pásítọ̀ kan tí ń jẹ́ Hermann Walter Bion, ní ìlú Zürich ní orílẹ̀-èdè Switzerland, kó ọmọ 68 láti ilé àwọn aláìní inú ìlú, ó kó wọn lọ sí àgbègbè òkè Appenzell, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe pásítọ̀ rí. Àwọn olùkọ́ bá wọn lọ. Láti ibẹ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1877, Willard Parsons, pásítọ̀ ìjọ kékeré kan ní Sherman, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, bẹ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ tálákà láti New York sí ilé wọn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń jà ní àwọn ilé tí èrò kún fọ́fọ́ ní New York nígbà náà. Àwọn ará ìjọ náà gbà. Àjọ tí ó ti ibẹ̀ jáde, Fresh Air Fund, ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ní ọdún 1877 kan náà, ní Whitechapel ní ìlà-oòrùn London, ìyàwó àlùfáà kan, Henrietta Barnett, bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn ọmọ tí ara wọn kò le láti inú ìjọ ọkọ rẹ̀, Samuel Barnett, lọ sí ìgbèríko. Ní ọdún 1884, iṣẹ́ náà di àjọ tí wọ́n pè ní Children's Country Holidays Fund.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Láàárín ọdún méjì, ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ilé àlùfáà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Parsons kò kọ́ ilé ìgbafẹ́ kankan. Àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ní yàrá ni ó ní, ó sì lanu bẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kò kan ìjọ kò mọ ibi tí ó ti wá ni.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ti wà níbẹ̀ kí gbogbo wọn tó dé. Ẹ lọ ka òfin ọjọ́ ìsinmi nínú Ẹ́kísódù orí 20 dáadáa. Olúwa dárúkọ àwọn tí ó gbọdọ̀ sinmi nínú ilé. Lẹ́yìn baálé, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó kan ìránṣẹ́, ẹran ọ̀sìn àti àlejò. Ọlọ́run mọ̀ pé nínú ilé tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, ọmọ ni a kọ́kọ́ máa ń gbàgbé.

OHUN TÍ WỌN KÒ TÈTÈ RÍ

Ṣùgbọ́n àwọn ẹni rere wọ̀nyí pàápàá kò rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò rí afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ ni wọ́n rí. Wọn kò rí ọmọ tí ó fi aláìsàn sílẹ̀ nílé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Bion kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí rí i ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 1993, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Loughborough, Jo Aldridge àti Saul Becker, tẹ ìwé jáde nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2001 ni àkọ́kọ́ tí ó béèrè ìbéèrè nípa ìtọ́jú tí ènìyàn ń ṣe nílé láìgbowó, wọ́n sì rí nǹkan bí 175,000 ọmọdé ní gbogbo Ìlú Ọba. Ní ìkànìyàn ọdún 2011, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọmọ 166,363 ni wọ́n kà, láti ọmọ ọdún 5 sí ọdún 17. Ẹ ronú sí i pé àgbàlagbà ni ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn. Ilé tí ó ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ kò ní kọ ọ́ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti rí wọn, òfin tẹ̀lé e. Òfin ọdún 2014 nípa àwọn ọmọdé àti ìdílé, tí apá yìí nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2015, sọ pé bí ó bá hàn sí káńsù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ kan ń tọ́jú aláìsàn, ó jẹ́ dandan kí káńsù náà wo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n mọ ìrànlọ́wọ́ tí ó nílò. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ béèrè bóyá iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe yẹ fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ rárá. Ẹ sọ èyí fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín tí wọ́n wà lọ́hùn-ún. Òfin yìí kò sọ pé kí wọ́n gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí pé ìyá náà ń ṣàìsàn. Ohun tí ó ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n mọ ẹni tí ó yẹ kí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍ ÌLÚ ỌBA

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí pé a lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà kìíní, ọmọ náà á lọ sí ibì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún kan fún wọn ní Fairthorne Manor ní Hampshire, níbi tí wọ́n ti ń sùn sínú àgọ́, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ní gbogbo ayé, àfi ìgbà tí ó bá dé irú ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì, gbogbo ìdílé á lọ pọ̀, aláìsàn náà á bá wọn lọ. Ní ọdún 1975, tọkọtaya kan, Pat àti Joan Laurance, dá àjọ aláàánú Family Holiday Association sílẹ̀ fún àwọn ìdílé tí kò lè san owó ìsinmi. Ìdílé kì í kọ ìwé sí wọn fúnra rẹ̀. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ mìíràn tí ó mọ ilé náà ni ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjọ́ díẹ̀ létí òkun ni.

Ọ̀nà kẹta, aláìsàn ni a ó mú lọ sí ibi tí wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ọmọ á wà nílé. Ó lè dà bí ẹni pé kò sí ìsinmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń jí lẹ́ẹ̀mẹta ní òru, bí ó bá sùn mọ́jú lórí ibùsùn ara rẹ̀, ó ti lọ họ́lídè.

Ní Scotland, láti oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìjọba ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 16 sí 18 tí ń ṣe ìtọ́jú ní owó kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọ́n lè fi ṣe ohun tí ó wù wọ́n. N kò sọ pé gbogbo nǹkan dára lọ́hùn-ún. Owó àwọn àjọ aláàánú kì í tó, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra: a ti dáhùn ìbéèrè ọmọ náà kí ó tó wọ ọkọ̀. Ó mọ ẹni tí yóò wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

KÍ NI ỌJỌ́ MẸ́RIN LÈ ṢE?

Ìbéèrè kan ń bẹ tí ó tọ́ kí a bi. Bí ọmọ náà bá padà dé, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni yóò bá nílẹ̀? Kí ni ìwúlò ọjọ́ mẹ́rin?

Èmi lè dáhùn rẹ̀, nítorí pé ọmọ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, mọ́tò tí bàbá mi ń wà dojú dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Ìyá mi ń ta ẹlùbọ́ lọ́jà, òun ni ó ń bọ́ gbogbo wa, nítorí náà èmi àkọ́bí ni mo wà nílé pẹ̀lú bàbá mi. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni n ó gbé e jókòó, n ó da ìgbẹ́ rẹ̀ nù, n ó fọ aṣọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní kíláàsì. Mo máa ń sùn nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ wa, wọ́n á sì nà mí.

Ìyá alákàrà kan wà nínú ìjọ wa. Ní họ́lídè ọdún kejì, ó wá bá ìyá mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ kí àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Èmi yóò wà níbí fún ọ̀sẹ̀ kan." Bí ó bá ti din àkàrà tán ní àárọ̀, yóò wá sílé wa, ilẹ̀ á ṣú kí ó tó lọ. Ìyá mi á sì gba iṣẹ́ òru. Mo lọ sí Ìṣẹ́yìn. Mo gun igi máńgòrò, mo sùn, mo bá àwọn ọmọ àdúgbò jà lórí bọ́ọ̀lù, inú mi sì dùn pé mo rí ẹni bá jà.

Ṣùgbọ́n ohun ńlá tí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe kò ṣẹlẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Ilé wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìyá alákàrà ṣe iṣẹ́ mi fún ọjọ́ méje, ẹ̀yìn ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ tí ọmọ yẹn ń ṣe, àgbàlagbà méjì kò lè ṣe é tán." Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin ìjọ pín in láàárín ara wọn láti máa wá ní Ọjọ́rú àti ní Sátidé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí dìpúlómà ní Pólì, ìyá alákàrà ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ hàn lẹ́yìn àwọn òbí mi.

Ìdáhùn mi nìyí. Ọjọ́ mẹ́rin kò lè wo ìyá sàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin náà, àgbàlagbà kan yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọmọ, kò sì ní lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé èmi tí wọ́n ṣe èyí fún ni mo gbàgbé láti ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn.

NÍ ILẸ̀ WA NÍBÍ

Orílẹ̀-èdè wa ní òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 12, sọ pé gbogbo ọmọ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, eré àti ìgbafẹ́ tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba, mo mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Nínú gbogbo fáìlì tí ó ti gba ọwọ́ mi kọjá, n kò tíì rí náírà kan tí a kọ sílẹ̀ fún ìsinmi ọmọ tí ń tọ́jú aláìsàn. Ìyẹn kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan kọ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa pín sí méjì. A óò ṣe èyí tí ọwọ́ wa ká, a ó sì béèrè èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ bá òṣìṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá wọ́n ní àkọsílẹ̀ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé bóyá wọ́n ń na ọmọ tí ó ń pẹ́ dé láìbéèrè ohun tí ó ń ṣe nílé. Ẹni tí ó bá ń ṣe àánú láìbéèrè òdodo, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tán láé.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É DÁADÁA

Àwọn ohun tí a kọ́ láti inú àṣìṣe wa nìyí.

1. Ẹ wá wọn ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe pè wọ́n jáde láàárín ìjọ. Olùkọ́ Sọ́ńdè Sùkúù ni ó sábà máa ń mọ̀: ọmọ tí ń sùn, ọmọ tí ń wo aago, ọmọ tí ó máa ń sáré lọ bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán.

2. Ẹ bi ọmọ náà àti aláìsàn náà. Aláìsàn kì í ṣe ẹrù tí à ń gbé kiri. Òun ni yóò sọ ẹni tí òun fẹ́ kí ó rí ìhòòhò òun. Obìnrin ni kí ó dúró ti obìnrin, kí ọkùnrin dúró ti ọkùnrin.

3. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ olùkọ́. Kí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dé òru, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: oògùn wo, ní aago mélòó, ẹ̀gbẹ́ wo. Kí nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wá kọ́ àwọn tí yóò dúró bí a ṣe ń yí aláìsàn, àti bí a ṣe ń gbé e jókòó kí a tó bọ́ ọ, kí oúnjẹ má bàa há a lọ́fun.

4. Kí ẹni méjì máa pín in ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo yóò rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ Mósè rẹ̀ nínú Ẹ́kísódù orí 17, ẹni méjì ni ó gbé e ró, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì.

5. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà odindi ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà òru kan. Bí ọmọ náà bá ti rí i pé ìyá òun wà dáadáa, nígbà náà ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin.

6. Ẹ fi àkókò kan sílẹ̀ tí yóò máa bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ojoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó yẹ̀.

7. Níbi ìsinmi náà, kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má ṣe wà níkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọmọ kankan, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Ẹ má ya fọ́tò wọn láti fi tọrọ owó.

8. Bí ó bá padà dé, ẹ má dáwọ́ dúró. Ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀ sàn ju ìrìn àjò kan lọ́dún lọ. Bí ẹ bá lè ṣe méjèèjì, Olúwa yóò bùkún yín.

Ní ti owó, n kò ní sọ púpọ̀. Gbogbo wa mọ iye tí à ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ fún ìkórè. Bí a bá wọ aṣọ èṣí lẹ́ẹ̀kan péré, owó ìdajì kékeré ti jáde. Ìdajì ńlá ni kò ṣeé fi owó rà.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn já sí. Mo lọ bẹ òun àti ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Lẹ́yìn tí egbò jinná, ìyá méjì nínú ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ náà ní ọ̀sán Sátidé. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má fà á lápá, Mà. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí." Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Nígbà họ́lídè tí ó tẹ̀lé e, ó tún bá wa lọ sí Ìkògòsì. Ó pe ilé ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó gbé fóònù fún Àǹtí, ó sì lọ sùn. Ó sùn títí di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn olùkọ́ fẹ́ jí i fún ìsìn òwúrọ̀, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Jésù náà rí i nígbà kan, nínú Máàkù orí 6, pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun kò tilẹ̀ ráyè jẹun, ó sì pè wọ́n sí ibi ìdákẹ́jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi. Nígbà tí ó jí, ó bọ́ bàtà, ó lọ sí ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, kò sì fẹ́ jáde mọ́.

Nígbà tí a padà dé, ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, pẹ̀lú bí ẹnu rẹ̀ kò ṣe já geere. Ó ní, "Pásítọ̀, èmi náà sinmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dùbúlẹ̀ síbí, tí mo ń wo bí ọmọ mi ṣe ń gbó."

Ẹ̀yin ará, ìwé wà lórí tábìlì lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan wà fún ẹni tí ó fẹ́ fi owó sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì wà fún orúkọ ẹni tí yóò fi ọ̀sán Sátidé kan lóṣù sílẹ̀. Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ̀gbẹ́ owó ni ó kún. Mo bẹ̀ yín, lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì kún. Ọmọ kan wà ní àdúgbò yín tí ó ń dúró kí ẹnì kan dáhùn ìbéèrè rẹ̀ kí ó tó lè sùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, ṣí wa lójú láti rí àwọn ọmọ tí a ti ń yìn tí a kò ràn lọ́wọ́. Dárí jì wá fún àánú tí a ṣe láìbéèrè. Wo àwọn òbí tí ó dùbúlẹ̀ sàn, kí o sì fún wa ní ọwọ́ tí kò ní kórìíra iṣẹ́ ìdọ̀tí. Fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní oorun. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.